Ìgò Ọtí Àtijọ́ Nínú Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀: Ǹjẹ́ Ẹni Tí Ó Sanwó Lè Jalè?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ de ìrìbọmi, nígbà tí a bá dé orí Òfin Keje nínú ẹ̀kọ́ wa, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó fọ́lé lóru, tàbí sọ́dọ̀ ọlọ́jà tí ó tẹ ìdí agolo òṣùwọ̀n rẹ̀ wọnú kí ó má baà gba àgbàdo púpọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí yóò béèrè bóyá olùrà, tí ó ka owó sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, lè jẹ́ olè. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. A ó mú àpẹẹrẹ rẹ̀ láti ibi tí ó jìnnà sí Kétu, sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti sí Àjàṣẹ́, èyíinì ni òwò ọtí pupa àtijọ́ ti ilẹ̀ Faransé, tí àwọn olówó ń lọ rà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ti ń kó o jọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ni ó dé tí a fi lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọjà tiwa, ẹni tí ń ta iṣu àti ẹni tí ń rà á, àwọn méjèèjì ni wọ́n mọ iṣu. Bí wọ́n bá ń nájà, ìmọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú òwò ọtí àtijọ́, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan mọ ohun gbogbo, ẹnì kejì kò sì mọ nǹkan kan. Níbẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ó máa ń fi ara pamọ́ láàrin ariwo ọjà ti ń hàn gbangba.

Ẹmu tiwa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí a dá ní òwúrọ̀ a máa dùn. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń le. Bí ó bá di ọ̀túnla ó ti kan. Àwọn baba wa kò lè fi ẹmu ṣe ogún fún ọmọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọtí àjàrà pàápàá kì í pẹ́ púpọ̀, láàrin ọdún díẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ mu ún. Ṣùgbọ́n díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń fi ọjọ́ orí dára sí i. Èèpo àti kóró èso àjàrà ni ó fún un ní agbára tí ó ń fún ahọ́n pọ̀ nígbà tí ó wà ní tuntun. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, agbára náà ń rọ̀, àwọ̀ pupa rẹ̀ ń di ti amọ̀ sísun, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì ń silẹ̀ sínú ìgò. Òkùnkùn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ní ibi tí ó tutù ní ìwọ̀n 12 tàbí 13. Wọ́n ń dá ìgò náà dùbúlẹ̀ kí ọtí lè máa rin ìdérí rẹ̀ tí a fi èèpo igi ṣe, nítorí pé bí ìdérí bá gbẹ, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, ọtí yóò sì di kíkan. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní cave ni ó bá iṣẹ́ yìí mu jù lọ.

Iye tí irú ọtí bẹ́ẹ̀ lè dé ju ohun tí ọkàn wa lè gbà lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní ìlú New York, wọ́n ta ìgò kan ọtí Romanée-Conti ti ọdún 1945 ní gbàǹjo. Iye rẹ̀ jẹ́ 558,000 dọ́là, èyí tí ó ju 300 mílíọ̀nù fàrán sẹ́fà lọ ní ìgbà náà. Wọ́n ta ìgò kejì ní 496,000 dọ́là. Àwọn onígbàǹjo fúnra wọn, tí wọ́n jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ náà, ti ṣírò ṣáájú pé ìgò kan kò ní ju 32,000 dọ́là lọ. Ọgbà tí ọtí náà ti wá kò tó hẹ́kítà méjì. Àwọn mọ́ńkì ilé ìsìn Saint-Vivant ni ó ni ín ní ayé àtijọ́. Ní ọdún 1945, nǹkan bí ìgò 600 péré ni ó ti inú rẹ̀ jáde, nítorí kòkòrò ti ba gbòǹgbò àwọn igi àjàrà rẹ̀ jẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì hú wọn tí wọ́n gbin òmíràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀wọ́n rẹ̀ nìkan ni ó mú iye náà ga. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ Robert Drouhin, oníṣòwò ọtí ní ìlú Beaune, ni ìgò méjèèjì ti wá. Ilé ìṣòwò ẹbí rẹ̀ ni ó ń bá àwọn ọlọ́gbà Romanée-Conti ta ọtí wọn ní Faransé àti ní Bẹ́ljíọ̀mù láti ọdún 1928 títí di 1964. Ọ̀nà tí ìgò náà gbà láti ọgbà dé inú yàrá yẹn kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé: kò sí ẹni tí ó lè tọ́ ọtí yìí wò kí ó tó rà á. Bí a bá ṣí i, a ti bà á jẹ́ fún títà. Ẹni tí ó rà á ra ọtí, ó sì ra ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó tà á.

Ẹnì kan lè ti máa bi ara rẹ̀ pé: ǹjẹ́ onígbàgbọ́ tilẹ̀ lè fi ọwọ́ kan irú òwò báyìí? Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pẹ́ lórí èyí. Ọtí àjàrà kì í ṣe ohun àìmọ́. Olúwa wa sọ omi di ọtí ní Kánà, èyí tí ó sì dára ni, gẹ́gẹ́ bí alásè ti jẹ́rìí sí i. Lórí pẹpẹ Mísà, ohun tí òfin Ìjọ béèrè ni pé kí ọtí náà jẹ́ ti èso àjàrà gan-an, kí ó má sì ṣe bàjẹ́. Ìgò tí ó kéré jù lọ ní owó tó fún un. Ìmutípara ni a kọ̀, àti gbogbo àṣejù. Ní ti ẹni tí ó na iye owó ilé lórí ìgò kan, ó yẹ kí ó rántí ẹ̀kọ́ Ìjọ pé Ọlọ́run dá ohun ayé fún gbogbo ènìyàn, àti pé ohun tí ó kù lọ́wọ́ olówó ní ọ̀nà tí ó jẹ mọ́ òtòṣì. Èmi kò lè sọ fún un ibi tí ààlà rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ní ààlà. Ní ìlú Beaune kan náà, ilé ìwòsàn àwọn òtòṣì kan wà tí Nicolas Rolin dá sílẹ̀ ní ọdún 1443, tí àwọn ènìyàn sì ń fi ọgbà àjàrà ta lọ́rẹ. Láti ọdún 1859 ni wọ́n ti ń ta ọtí àwọn ọgbà náà ní gbàǹjo lọ́dọọdún, kí owó rẹ̀ lè ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé orí ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ opó kan wò ní abúlé kan ní Bourgogne. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọkọ náà fẹ́ràn ọtí, ó sì ti fi 40 ọdún kó ìgò jọ sí abẹ́ ilé. Obìnrin náà kì í mu ún. Kò mọ̀ ju pé àwọn ìgò wọ̀nyí kún fún eruku àti òwú aláǹtakùn. Ó fẹ́ ta ilé, ó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó mọ̀ nípa ọtí gbọ́, ó wá, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fìtílà. Láàrin 200 ìgò lásán, ó rí méjì tí orúkọ ara wọn mú àyà rẹ̀ já. Ó gòkè wá, ó pa ojú rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé kò rí nǹkan. Obìnrin náà wí pé: “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ ní 500 euro? Ẹ̀yìn mi ń dùn mí, n kò lè máa gbé wọn sókè.” Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó ṣe é ṣe kí wọ́n ti kan, ṣùgbọ́n nítorí àánú òun yóò san 400. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì fún un ní kọfí mu.

Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Kò fọ́lé. Kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ni ó dárúkọ iye, òun ni ó sì gba owó pẹ̀lú ọpẹ́. Ọlọ́pàá kankan kò ní wá sí ilé rẹ̀.

Tọ́másì Mímọ́ ará Aquino, tí ó jẹ́ olùkọ́ Ìjọ ní nǹkan bí 750 ọdún sẹ́yìn, gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae, ní apá tí ó ti ń sọ nípa ẹ̀tàn nínú rírà àti títà. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń tà: bí ó bá mọ àbùkù tí ó wà lára ohun rẹ̀ tí ó sì fi pamọ́, ó ti ṣẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ san padà. Lẹ́yìn náà ni ó yí ojú sí ẹni tí ń rà, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò retí. Ó ní bí ẹnì kan bá ń ta wúrà tí ó sì rò pé idẹ ni, tí olùrà sì mọ̀ pé wúrà ni, ìrà náà kò tọ́, olùrà sì gbọ́dọ̀ san ohun tí ó kù. Ẹ wò ó, kò wí pé kí olùrà ti parọ́ kí ó tó jẹ̀bi. Mímọ̀ tí ó mọ̀, tí ó sì jẹ́ kí aláìmọ̀kan ta ohun kan bí ẹni pé ohun mìíràn ni, ó tó. Kátíkísìmù Ìjọ Kátólíkì, ní nọ́ńbà 2409, ka lílo àìmọ̀ tàbí ìpọ́njú ọmọnìkejì láti yí iye ọjà padà mọ́ ohun tí ó lòdì sí Òfin Keje. Ìwé Òwe pàápàá kò gbàgbé olùrà tí ń bú ọjà nígbà tí ó ń nájà, tí ó sì ń yangàn nígbà tí ó bá kúrò níbẹ̀. A mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ti jẹ́ ẹni náà rí.

Ọkùnrin wa ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ, nítorí pé kì í ṣe òmùgọ̀.

Ó lè wí pé: “Mo ti fi 20 ọdún kọ́ nípa ọtí. Ìmọ̀ mi ni oko mi. Ṣé kí n má jẹ èrè rẹ̀?” Òótọ́ wà nínú èyí. Ìmọ̀ jẹ́ iṣẹ́, iṣẹ́ sì yẹ fún èrè. Kò pọn dandan kí ó sọ orúkọ ẹni tí yóò tà á fún, tàbí iye tí òun retí lọ́la. Ó tún lè ṣírò ewu: ìgò náà lè ti bàjẹ́, ọdún lè kọjá kí ó tó rí ẹni rà á. Tọ́másì Mímọ́ fúnra rẹ̀ gbà pé iye tí ó tọ́ kì í ṣe ohun tí a lè fi okùn wọ̀n gẹ́ẹ́. Ìdíwọ̀n ni, ìyàtọ̀ díẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀ kò sì ba ìdọ́gba jẹ́. Ṣùgbọ́n láti inú 400 dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kì í ṣe ìyàtọ̀ díẹ̀. Dókítà a máa gba owó nítorí ìmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lo ìmọ̀ náà láti mú oko aláìsàn. Bí ọkùnrin yìí bá fẹ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro: “Màdámù, ìgò méjì yìí yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé wọn lọ sí gbàǹjo, kí ẹ sì fún mi ní ìpín kan.” Kò ní pàdánù. Èrè rẹ̀ ni yóò kéré.

Ó tún lè wí pé: “Kò bi mí. Ká ní ó bi mí, n kì bá ti parọ́.” Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò mọ̀ pé ìbéèrè wà yóò ṣe béèrè? Àti pé, ẹ jọ̀wọ́, ó ti parọ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ó mí kanlẹ̀.

Àwíjàre kẹta ni ó le jù, nítorí pé inú Ìhìn Rere ni ó ti mú un. Jésù pa òwe nípa ọkùnrin tí ó rí ìṣúra nínú oko, tí ó tún bò ó mọ́lẹ̀, tí ó ta ohun gbogbo tí ó ní, tí ó sì ra oko náà láì sọ fún ẹni tí ó ni ín. Ǹjẹ́ Olúwa kò yìn ín bí? A gbọ́dọ̀ dáhùn pẹ̀lú sùúrù. Ohun tí òwe náà kọ́ wa ni iye Ìjọba ọ̀run àti ayọ̀ ẹni tí ó fi ohun gbogbo sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọjà. Jésù náà ni ó fi ìrìbójú alábòójútó aláìṣòótọ́ ṣe àpẹẹrẹ ọgbọ́n, tí ó sì fi bíbọ̀ ara rẹ̀ wé bíbọ̀ olè lóru. Kò sì sí ẹni tí ó ti inú rẹ̀ kọ́ pé kí a máa yí ìwé gbèsè tàbí kí a máa fọ́lé. Síwájú sí i, ìṣúra tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó rì í mọ́lẹ̀ kò rí bákan náà pẹ̀lú ìgò tí ó wà nínú ilé. Ìgò ní olówó. Ọkọ obìnrin yìí ni ó rà á, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi tò ó síbẹ̀.

Kí a má ṣe rò pé opó ni a ń rẹ́ jẹ nìkan nínú òwò yìí. Ẹni tí ń tà náà lè mọ ohun tí ẹni tí ń rà kò mọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, ní New York, wọ́n fẹ́ ta àwọn ìgò kan ní gbàǹjo, tí ìwé ara wọn sọ pé ọtí Clos Saint-Denis láti ọgbà ẹbí Ponsot ní Bourgogne ni, ti àárín ọdún 1945 sí 1971. Laurent Ponsot, tí ó jẹ́ olórí ọgbà náà nígbà náà, wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀, nítorí pé ẹbí rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọtí tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn títí di àwọn ọdún 1980. Wọ́n yọ àwọn ìgò náà kúrò. Ẹni tí ó kó wọn wá ni Rudy Kurniawan, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Indonésíà tí ó ń gbé ní California, tí àwọn olówó ń bọ̀wọ̀ fún nítorí òkìkí yàrá ọtí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wọ ilé rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2012, wọ́n bá ìwé ara ìgò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ìdérí, àti ìgò tí ó ń pèsè fún ọtí àdàlù. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní ọdún 2013. Ní ọdún 2014 wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní 2021 wọ́n dá a padà sí ilẹ̀ rẹ̀.

Irú olè yìí rọrùn láti mọ̀. Èyí tí ó fara sin ni ti ẹni tí ó ra ìgò irọ́ láìmọ̀, tí ó wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Owó rẹ̀ ti lọ. Ó wà nínú àdánwò láti dákẹ́, kí ó sì tà á fún ẹlòmíràn bí wọ́n ti tà á fún òun. Kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di àná a rẹ́ ẹ jẹ. Láti òní, bí ó bá tà á, òun ni ó rẹ́ni jẹ. Bákan náà ni ẹni tí ó ní ìgò òtítọ́, ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ pé ó ti lo oṣù mẹ́ta ìgbà ooru nínú yàrá òkè láì tutù. Ìwé ara ìgò kò ní sọ ìyẹn. Òun ni ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọkùnrin wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ká ní kì í ṣe onígbàgbọ́ nígbà tí ó ra ìgò méjì náà. Ó mu ọ̀kan, ó ta èkejì, ó sì fi owó rẹ̀ tún ilé ṣe. Ọdún márùn-ún kọjá. Ó gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó wọ ẹgbẹ́ kátékúmẹ́nì, ọjọ́ Àìsùn Àjíǹde sì ti ń súnmọ́. Ó wí pé: “Ìrìbọmi yóò wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi nù.” Òótọ́ ni ó sọ. Ìrìbọmi a máa mú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, èyí tí a bí wa bí àti èyí tí a fi ọwọ́ ara wa dá, pẹ̀lú ìyà tí ó tọ́ sí wọn. Àlùfáà kò ní fún un ní iṣẹ́ ìrònúpìwàdà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ìrìbọmi kì í sọ ohun opó di tirẹ̀. Gbèsè tí ó jẹ ọmọnìkejì rẹ̀ yóò bá a jáde nínú omi, bí ilé rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ti ń dúró dè é ní ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Sákéù kò dúró kí ẹnikẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ṣèlérí pé òun yóò san padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Kí ni kí ó ṣe nígbà náà? Kí ó wá obìnrin náà lọ. Kí ó ṣírò iye tí ìgò méjèèjì tó ní ọjọ́ tí ó rà wọ́n, kí ó yọ 400 rẹ̀ àti owó iṣẹ́ tí ó tọ́, kí ó sì mú ìyókù wá. Bí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa san díẹ̀díẹ̀. Bí obìnrin náà bá ti kú, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Bí kò bá sí ẹni tí a lè rí, ti àwọn òtòṣì ni. Kí ó sì bá àlùfáà tàbí olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo kò mọ bí a ti í ṣe ìdájọ́ owó tí ó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ó sì ṣe é ṣe kí ó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà náà, kí ó tò gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó sọ iye tí ìgò náà tó láì fi ọ̀kan pamọ́, kí ìyá náà rẹ́rìn-ín, kí ó ní òun kò fẹ́ owó mọ́ ní ọjọ́ ogbó òun, kí ó máa mú un lọ. Nígbà náà ẹ̀bùn ni, nítorí pé ẹni tí ó fi sílẹ̀ mọ ohun tí ó fi sílẹ̀. Kí ó dúpẹ́. Bí ìyá náà bá sì tún gbé kọfí wá, kí ó jókòó mu ún.